Ìlú Tí Ń Jẹ́ Ecnarf

Ọjọ́ Ajé, 2 Ọ̀wàrà, 1972

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọjà Ouando di ẹrẹ̀, bàtà mi kan sọnù sínú rẹ̀, mi ò sì rí i yọ. Bágì kan ṣoṣo, òrùka idẹ tí wọ́n ń fi sínú ẹsẹ̀ ọkọ̀, ni mo tà, ẹni tó rà á sì fẹ́ dá a padà kó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀.

Òkunọlá wá. Iwájú ọkọ̀ 404 tó fi ń kó èrò lọ sí Pobè ń gbọ̀n lójú ọ̀nà bí ẹni tí ibà ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àwọn òrùka idẹ inú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà ló ti jẹ tán, pé àìrí bágì tuntun ni kò jẹ́ kó sùn. Ó mú ọ̀kan lórí tábìlì mi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

Ó ní, “Ìyá Kẹ́mi, èyí ò ní orúkọ lára. Níbo ló ti wá?”

Mo ní, “Houinmè ni, ládùúgbò wa níbí. Ọkọ mi ló ṣe é.”

Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ti Faransé lòun ń wá. Bágì ti Faransé yìí, owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti wa, kò sì sí ọ̀kan ní gbogbo ọjà láti oṣù tó kọjá. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti ra iyọ̀.

Mo délé, mo bá Bàbá Kẹ́mi nídìí tùúrù, ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ irin. Bí iná bá sọ nílé wa, tùúrù yẹn ni Mouritala ọkọ mi yóò kọ́kọ́ gbé jáde, lẹ́yìn náà ni yóò rántí èmi. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ló ti kọ́ bí wọ́n ti ń yí irin lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ra tuntun níbẹ̀, tí wọ́n ta ògbólógbòó yìí, ohun gbogbo tí a ní la fi rà á, títí kan yẹtí ìgbéyàwó mi. Òun ló ń bọ́ wa.

Mo ròyìn Òkunọlá fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé orúkọ ló fẹ́? A ó sọ ọ́ lórúkọ fún un.” Ó gbé àpótí òǹtẹ̀ irin rẹ̀ jáde, lẹ́tà kan lórí irin kan. Ilé kéwú ni wọ́n fi òun sí ní kékeré, èmi ni ti Mẹ́tọ́díìsì. Ó mọ orúkọ àwọn lẹ́tà náà dáadáa láti ibi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n tó bá di ká tò wọ́n di ọ̀rọ̀, èmi ló ń bi. Mo wà nídìí ààrò, mò ń dín ẹja, mo sì ń pè é fún un láti ibẹ̀: F. R. A. N. C. E. Mò ń gbọ́ òòlù rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹja náà jóná díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ọ̀wàrà

Bágì tà. Òkunọlá kó tirẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra àwọn lẹ́tà kóńkóńkó tó wà létí rẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó. Ojúlówó ò fara sin.” Mo yáa wolẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Mo ra bàtà mìíràn.

Ọjọ́ Ajé, 9 Ọ̀wàrà

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kẹ́mi ò fẹnu kan omi, tùúrù nìkan ló ń mu epo. Èmi ń jẹ gààrí nílé ìdáná bí olè, ìyá ọkọ mi sì ń kùn lójúlé kejì pé òun ń gbọ́ ṣíbí.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ọ̀wàrà

Láti ọ̀sán ni ràdíò ti ń kọ orin ológun. Nígbà tó yá wọ́n sọ̀rọ̀: àwọn sọ́jà ti gbàjọba ní Kútọnú. Mo sáré wọlé lọ sọ fún Ìyá Sàlámọ̀, ìyá ọkọ mi. Ó ní, “Àwọn tún ni?” Ó sì ń bá ẹ̀gúsí tó ń bó lọ.

Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn lóru. Àwa tí a kì í rìn lóru tẹ́lẹ̀, ó wá ń wù wá láti rìn.

Ọjọ́ Ajé, 30 Ọ̀wàrà

Ọjà kún. Epo àtùpà ti gbówó lórí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó pa epo àtùpà àti sọ́jà pọ̀. Bágì ń tà. Àwọn mẹkaníkì Adjarra náà ti ń wá béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Bélú

Àwọn duwánì tó ń gba owó bodè wọ ọjà lónìí. Ìjọba tuntun ní kí wọ́n wá gbogbo ẹrù tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, aṣọ rẹ̀ ṣì ń dán, dúró níwájú tábìlì mi, ó mú bágì kan, ó rí lẹ́tà.

“Màdámù, ọjà òkè òkun nìyí. Ìwé kitáǹsì tí ẹ fi san owó bodè rẹ̀ dà?”

Mo ní kò sí.

“Báwo ni kò ṣe ní sí?”

Bí mo bá ní Faransé ló ti wá, owó bodè dà? Bí mo bá ní Houinmè la ti ṣe é, ta ló wá tẹ orúkọ orúkọlórúkọ sí i lára? Wọ́n kó gbogbo bágì náà lọ, wọ́n tẹ̀ lé mi délé, wọ́n sì fi ìda pupa dí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ Bàbá Kẹ́mi. Tùúrù wà nínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní tí ẹjọ́ bá dá wa lẹ́bi, àwọn yóò wá gbé e. Ó sọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la.

Bàbá Kẹ́mi ò bínú sí mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ajé, 6 Bélú

Mo lọ sí bírò duwánì. N kò jẹ́ kí Bàbá Kẹ́mi bá mi lọ. Ebi ààwẹ̀ àti ìbínú kì í bára wọn gbé. Sẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wọn níbẹ̀, ń jẹ́ Théophile, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó gbé awò ojú ka ṣóńṣó imú. Ó ka ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ: bagues, tí wọ́n fi idẹ ṣe. Bágì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Faransé, òrùka ìka náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò bèṣù bẹ̀gbà, ó lọ kó bágì mọ́tò sí abẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin, níbi tí owó bodè ti wúwo jù nínú ìwé wọn.

Sẹ́ẹ̀fù wo ọwọ́ mi. Ó ní, “Màdámù, ṣé ìka lẹ máa ń fi í sí?”

Mo mú ọ̀kan, mo ki ìka mẹ́ta bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àyè ṣì kù. Mo ní, “Ọkọ tó bá fi èyí fẹ́ mi, Sẹ́ẹ̀fù, erin ló fẹ́ fẹ́.”

Awò rẹ̀ já bọ́. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀yà ara ọkọ̀. Inú mi dùn títí ó fi ka ìlà tó tẹ̀ lé e: ìlú tí ọjà ti wá, Ecnarf.

Ó ní, “Níbo nìyẹn wà?”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun wá a nínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè, òun ò rí i. Òun rò pé ó lè wà lọ́hùn-ún níhà Rọ́ṣíà, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ ọ́ mọ́ àwọn ìlú tí kò bá wa ṣe àdéhùn, tí ọjà wọn ń san owó bodè ní kíkún. Sẹ́ẹ̀fù ní òun yóò wádìí. Èmi rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ló ṣìṣe.

Mo délé, mo wá bágì kan tó ṣẹ́kù sábẹ́ ibùsùn. Mo gbé e sójú oòrùn. Láti oṣù kan tí mo ti ń tà á, n kò kà á rí. Mo rí F, mo rí A, ojú mi sì ka ìyókù fúnra rẹ̀. ECNARF ló wà níbẹ̀.

Mo pe Bàbá Kẹ́mi. Mo ní kí ni ó kọ yìí.

“Ohun tí o pè.”

“Bí mo ṣe pè é kọ́ nìyí.”

“Ṣé lẹ́tà kan sọnù níbẹ̀ ni?”

“Rárá.”

“Gbogbo wọn pé?”

“Wọ́n pé.”

“Kí wá ni ẹjọ́ mi?” Ó fi ìka hàn mí. “F nìyí lọ́wọ́ ọ̀tún, bí o ti pè é ṣáájú. R tẹ̀ lé e. Ọ̀tún ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀, Fitúwà aya mi. Àbí ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́tọ́díìsì?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ebi tó ń pa á. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni a rí i pé ọ̀rọ̀ ò tíì yanjú. Tí a bá ní Faransé ni a fẹ́ kọ, a ti tẹ àmì èké nìyẹn. Tí a bá dákẹ́, wọ́n á gbé tùúrù lọ lórúkọ ìlú tí kò sí.

Ọjọ́rú, 8 Bélú

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. A pa àgbò kékeré, ó kéré débi pé Ìyá Sàlámọ̀ bi í pé ọmọ ta ni. Lẹ́yìn oúnjẹ a gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ìlú náà wà. Ta ló ti rin gbogbo ayé dé òpin nínú wọn?”

Bàbá Kẹ́mi ní òun ò ní purọ́ mọ́, ọ̀kan ti tó. Mo ní èmi náà ò ní purọ́. Ìyá ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ìyàwó tó mọ Faransé lọ sọ òtítọ́, kí ọkọ tó mọ iṣẹ́ lọ fi ọwọ́ hàn wọ́n; ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ó sì ní kí n bu ẹran sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Bélú

Bàbá Kẹ́mi ti tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe. Ó ti tún àga ṣe. Ó ti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Lónìí mo bá a tó dojú kọ ẹ̀rọ ìránṣọ mi pẹ̀lú irin tó fi ń tú nǹkan lọ́wọ́, mo gbé e sá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ọjọ́ Ajé, 20 Bélú

Mo lọ sọ òtítọ́. Sẹ́ẹ̀fù Théophile gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá ní, “Màdámù, gbogbo ẹni tí a bá mú ló ń sọ pé ilé lòun ti ṣe é.” Ó gbé bágì náà sún mọ́ fèrèsé. “Houinmè nìyí?”

Mo ní Houinmè ni.

Ó ní tó bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀ràn àmì èké ṣì ń dúró dè wá, òun ò sì lè fi ojú fo òfin. Òun yóò wá wò ó fúnra òun. Kò dá ọjọ́. Mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó lọ tú okùn tó tún so ó le sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Kẹ́mi. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun náà.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Bélú

Ní ìsìn, mo gbàdúrà fún tùúrù. Mo rò ó bóyá ó bójú mu. Mo tún gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 30 Bélú

Ọ̀rọ̀ gígùn láti ẹnu ìjọba lórí ràdíò. Wọ́n ní ká gbára lé agbára wa, ká má gbẹ́kẹ̀ lé àjèjì. Bàbá Kẹ́mi yí ràdíò sókè gan-an, ó sì gbé e lọ síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ìda dí, bí ẹni tó fẹ́ kí tùúrù náà gbọ́.

Ọyẹ́ ti ń dé. Ètè mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Ọ̀pẹ̀

Wọ́n dé lówùúrọ̀, Sẹ́ẹ̀fù àti ọ̀dọ́mọkùnrin rẹ̀. Sẹ́ẹ̀fù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìda náà. Bàbá Kẹ́mi wọlé láìkí ẹnikẹ́ni, ó fi aṣọ nu eruku kúrò lára tùúrù, ó ta epo sí i, nígbà náà ló tó rántí pé àlejò wà. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o.”

Sẹ́ẹ̀fù jókòó. Ó ní, “Ẹ ṣe ọ̀kan kí n rí i.”

Bàbá Kẹ́mi mú idẹ tó yọ́ láti ara ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́, ó dè é mọ́ tùúrù, ó bẹ̀rẹ̀. Èérún idẹ ń ká jáde, ó ń bọ́ sí bàtà ọ̀dọ́mọkùnrin náà, kò sì yẹsẹ̀. Kò pẹ́, bágì kan wà nílẹ̀, ó ṣì gbóná. Bàbá Kẹ́mi gbé àpótí òǹtẹ̀ wá. Ó ní, “Kí ni kí n kọ?”

Sẹ́ẹ̀fù ní, “Ohun tí ẹ máa ń kọ.”

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo pe F. Ó gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún, ó lù ú. Mo pe R. Ó gbé e sí òsì F, ó lù ú. Nígbà tí a dé A, Sẹ́ẹ̀fù ti dìde, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a dé C, ó ti yọ awò ojú. Nígbà tí E wọlé tán, ó padà sórí àga, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín láìdún, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá ìyá mi náà nìyí. Bó ṣe máa ń fọwọ́ sí ìwé owó orí láti ọ̀tún nìyí títí ó fi kú.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Sẹ́ẹ̀fù, ó ti jẹ́wọ́. Faransé ló ní lọ́kàn. Àmì èké ni.”

“Kí ló kọ?”

“Ecnarf.”

“Ìlú wo nìyẹn?”

“Kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Mo wá gbogbo ìwé, Sẹ́ẹ̀fù.”

“Ó dáa. Ìlú tí kò sí, ta ni yóò wá sọ pé wọ́n jí orúkọ òun? Èmi ń ka ohun tó wà lára ọjà, n kì í ka ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn. Ọjà yìí kò sì kọjá bodè kankan, àfi ẹnu ọ̀nà ilé yìí. Lọ kọ ọ́ pé a dá ẹrù wọn padà.”

Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Bàbá Kẹ́mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. “Ká ní ẹ kọ ọ́ dáadáa ni, tùúrù yìí ì bá ti wà nínú ọkọ̀ mi. Láti òní lọ, ibi tí ọjà ti wá gan-an ni kí ẹ tẹ̀ sí i. Dahomey. Bí mo bá tún rí òmíràn, n kò ní rẹ́rìn-ín.”

Bàbá Kẹ́mi ní, “Alihamudulilahi.” Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún ayọ̀ mi tán, mo bọ́jú, mo sì padà wá fún wọn ní omi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ọ̀pẹ̀

Mo jókòó sí apá òsì Bàbá Kẹ́mi láti kọ́ ọ ní Dahomey. Mo ní òsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbìyànjú. D dorí kodò, A fò kúrò lára idẹ, òòlù sì bá a ní àtàǹpàkò. Ó fi ọwọ́ sẹ́nu. Ó ní, “Ọwọ́ mi ò mọ ọ̀nà yẹn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà mí kí n má gbà á.”

Mo rò ó. Mo pa ojú dé, mo fọkàn ka orúkọ ìlú mi láti ìparí wá síbẹ̀rẹ̀, mo ṣì í lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Mo wá ní kó gbé Y sí ọwọ́ ọ̀tún. E. M. O. H. A. D.

Ó gbé bágì náà fún mi. DAHOMEY ni, ó gún régé. Ó wò mí pẹ́.

Ó ní, “Fitúwà, o ti ń ka ìwé láti ọ̀tún.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ọ̀pẹ̀

Ọyẹ́ mú. Òkunọlá dé, ó fi ìbòrí di etí méjèèjì. Ẹnìkan ti ka lẹ́tà ara bágì rẹ̀ fún un.

“Ìyá Kẹ́mi, ti Ecnarf dà? Ìlú yẹn mọ irin ju Faransé lọ. Mo ti fi lọ Pobè, mo ti fi lọ Kétou, iwájú ọkọ̀ mi ò gbọ̀n mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ tirẹ̀.”

Mo ní, “Wọn ò ṣe é mọ́. Ti Dahomey ló kù.”

“Dahomey wo?”

“Èyí tí o dúró nínú rẹ̀ yìí.”

Ó mú un, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi àtàǹpàkò ra lẹ́tà. “Ṣé ó tó ti Ecnarf?”

Mo ní, “Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.”

Ó rà á. Mo ra iyọ̀, mo ra ẹja ńlá, mo sì dúró ti ẹja náà títí ó fi jinná.

Ọjọ́ Ajé, 1 Ọ̀pẹ̀, 1975

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni mo ti rí ìwé yìí, ojú ewé kan ṣì kù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi síbẹ̀.

Àná, ràdíò ní ìlú wa kò jẹ́ Dahomey mọ́. Bénin ló ń jẹ́. Ìyá Sàlámọ̀ ní, “Àwọn tún ni?” Lónìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gbọ́ tí Bàbá Kẹ́mi ń pè mí láti ìdí tùúrù. Àpótí òǹtẹ̀ ti wà lórí itan rẹ̀.

Ó ní, “Orúkọ tuntun yìí, lẹ́tà mélòó?”

Mo ní, “Márùn-ún.”

“Ọpẹ́ ni. Ó fi méjì dín. Ó yá, pè é.”

Mo fa àga mi sí apá òsì rẹ̀, mo jókòó.

N. I. N. E. B.